Olùṣọ́ Tí Ó Fi Kálámù Fọn Fèrè

Ẹ̀kọ́ kíkà: Esekiẹli 33:1–9

Olúwa fi yé wòlíì Esekiẹli pé bí olùṣọ́ bá rí ewu tí ń bọ̀ tí kò sì kìlọ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó bá ṣègbé wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí wo iṣẹ́ Rachel Carson, òǹkọ̀wé sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1907.

Èkínní, olùṣọ́ ní láti ríran. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Carson kọ́kọ́ mú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó tó yà sí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ó gboyè kejì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní 1932. Ó kọ àròkọ fún ìwé ìròyìn Baltimore Sun. Ní 1936 ó di òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn ẹja. Níbẹ̀ ni ó ti ń sọ ìwádìí àwọn onímọ̀ di èdè tí ó yé gbogbo ènìyàn.

Èkejì, fèrè rẹ̀ ní láti dún ketekete. Nínú ìwé rẹ̀ Silent Spring, tí ó jáde ní 1962, ó ṣàlàyé pé DDT tí a fín sí igi ń bá ewé bọ́ sílẹ̀. Ekòló jẹ ewé, ẹyẹ jẹ ekòló, ẹyẹ sì kú. Kò ní kí a má lo oògùn kòkòrò rárá. Ó ní kí a má ṣe lò ó láìmọ ohun tí yóò dà.

Ẹ̀kẹta, ìṣọ́ a máa náni ní nǹkan. Àwọn tí ń po oògùn gbógun tì í, àrùn jẹjẹrẹ sì ń bá a fínra. Síbẹ̀, ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ní 1963. Ó sùn nínú oorun ikú ní 1964, ní ẹni ọdún 56. Ní 1972 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de DDT. Ojú rẹ̀ kò rí i.

Àwọn baba wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwa tí a ti oko kòkó wá mọ Gamalin 20, a sì mọ ohun tí ó ń ṣe fún ẹja nígbà tí a bá dà á sódò. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mọ sáyẹ́ǹsì tí ó sì mọ̀wé kọ, ẹ má ṣe fi dandan sọ ọ́ di dókítà. Ìlú tí ó ní oníṣègùn púpọ̀ ṣì nílò olùṣọ́.

Fún ìjíròrò nínú ilé:
1. Ewu wo ni a rí ní àdúgbò wa tí a dákẹ́ sí?
2. Kí ni a bẹ̀rù láti pàdánù bí a bá sọ̀rọ̀?