Ìlú Fẹ̀, Ìlú Dàgbà: Ọ̀tọ̀ ni Wọ́n

Àlejò tó bá wọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́yìn ọdún pípẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó pariwo pé, "Ìlú yìí mà ti dàgbà o!" Ilé tuntun ló rí. Púpọ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀, owó Àbíjàn ló kọ́ ọ, nítorí ó pẹ́ tí ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì ń fi èrè kọ́lé sílé. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò wa rí, fífẹ̀ ni.

Ilẹ̀ ló ń fẹ̀, tàbí kó gbòòrò. Ohun tó bá dàgbà, agbára rẹ̀ láti gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ló lé sí i. Ìyàtọ̀ yìí gan-an wà nínú òṣùwọ̀n tí ayé ń lò. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ kí ọdún 2030 tó parí. Ti ìlú ló ṣìkọkànlá. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni bí ilẹ̀ tí ilé ń gbà ṣe ń yára tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ilẹ̀ bá ń sáré ju èrò lọ, omi, iná àti ọ̀nà yóò máa lé ìlú kiri láìbá a. Láti mọ̀ ọ́n, ó di dandan kí a ka ènìyàn. Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, ti ọdún 2006 ni. 132,641 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Iye yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ń dá lónìí, àfojúbù ni. Ẹ má pe àfojúbù ní òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ni kóńgò, ìwọ̀n ni gàrí tó wà nínú rẹ̀, àfojúbù ni ti ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán tó ní, "Á tó kóńgò mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tí a ń dà pọ̀ ni dọ́gba àti kárí. Bí ará Ola, ìlú tó kéré sí Èjìgbò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, bá ní kí nǹkan ìjọba dé ọ̀dọ̀ àwọn náà, a máa ń gbọ́ èsì pé, "Ìka ò dọ́gba." Òótọ́ ni pé ìka ò dọ́gba, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kárí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí Ola tóbi bí Èjìgbò. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ó kárí. Òṣùwọ̀n èyí náà wà: mélòó nínú ará ìgbèríko ló ń gbé níbi tí kò ju kìlómítà 2 lọ sí ọ̀nà tó ṣeé gbà lójò lẹ́ẹ̀rùn? Ìbéèrè yìí mọ ìyà àgbẹ̀ tí tòmátì rẹ̀ rà sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí mọ́tò kò lè wọlé.

Ẹ̀kẹta ni pẹ́ àti tọ́jọ́. "Iṣẹ́ ọ̀nà náà pẹ́" túmọ̀ sí pé kò tètè parí. "Iṣẹ́ ọ̀nà náà tọ́jọ́" túmọ̀ sí pé ọmọ wa yóò bá a. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ rí i pé ilé nìkan kì í tọ́jọ́. Ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ló ń mú un tọ́jọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọn ìlú, kó wọn ilé ìwé pọ̀ mọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo bẹ ẹ̀yin akọ̀ròyìn, olóṣèlú àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú: bí ó bá jẹ́ pé ilé ló pọ̀ sí i, ẹ kọ ọ́ pé ìlú fẹ̀. Ẹ fi ìdàgbàsókè pamọ́ di ọjọ́ tí ó bá kárí dé Ola, tí ẹ sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tọ́jọ́.