Ẹ̀KỌ́: ÌRORA TÓ Ń BÁ ÈNÌYÀN JÍ LÓWÙÚRỌ̀

Fún kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, ẹsẹ 1 sí 8.

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tó ń jí bí ẹni tó ru ẹrù mọ́jú: ọrùn a le, èjìká a wúwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa ro ó, àyà rẹ̀ a sì máa lù kì-kì-kì kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Arábìnrin wa kan tó ń ta aṣọ l'Àjàṣẹ́ wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2. Nígbà tó sọ fún àwa àgbà, a ní ọfà ọ̀tá ni, a sì fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ 7. Ó tún burú sí i ni. Ìgbà tí a jókòó tì í la tó gbọ́ òótọ́: ó jẹ gbèsè ọjà, kò lè sọ fún ọkọ rẹ̀, kì í sì í sùn ju wákàtí 4 lọ lóru. Àwa la jẹ̀bi. À ń wá ọ̀tá kiri, a kò bi òun fúnra rẹ̀ léèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo Èlíjà. Ó sá fún Jésébẹ́lì, ó dé abẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí òun kúkú kú. Angẹli kò bá a wí. Ó jí i lójú oorun, ó fún un ní oúnjẹ àti omi. Èlíjà tún sùn, angẹli tún jí i kó jẹun. Lẹ́yìn èyí ló tó rin ọjọ́ 40 dé Hórébù.

ÌDÍ RẸ̀

Bí a bá jí, láàrin ìṣẹ́jú 30 sí 45, ara máa ń tú nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, kí á lè dìde ṣiṣẹ́. Bí Ọlọ́run ti dá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àníyàn gbà lọ́kàn, iṣan rẹ̀ lè má rọ̀ lóru. Ẹlòmíràn a máa pa eyín keke lójú oorun. Iṣan tó bá le pẹ́ a máa dun ni, àìsùn a sì sọ ìrora kékeré di ńlá. Ìrora yìí kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe àìgbàgbọ́.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Ẹ má fò dìde. Ẹ mí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí mímí síta pẹ́ jù ú lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí ẹ tó gbàdúrà.
2. Ẹ yí ọrùn àti èjìká jẹ́jẹ́, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibi tó ń ro yín, kí ẹ sì rìn díẹ̀.
3. Ẹ má ka gbèsè lórí ibùsùn. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan kí ilẹ̀ tó ṣú.
4. Ẹ má sọ oògùn ìrora tí wọ́n ń kiri lọ́jà di oúnjẹ àárọ̀. Òmíràn lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́. Lílò ó lójoojúmọ́ sì lè fa ẹ̀fọ́rí.
5. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ẹ ń rù, ẹ lọ rí dókítà. Àdúrà kò ní ká má lọ.

Ọkọ arábìnrin wa àti àwa àgbà tẹ̀lé e lọ bẹ àwọn olówó; wọ́n gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìrora náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn, ọrùn rẹ̀ sì ti ń rọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni angẹli kọ́kọ́ fún Èlíjà?
2. Ta ni nínú ìjọ wa tí à ń fún ní ààwẹ̀, tó jẹ́ pé oorun ló ń wá?

Kí Olúwa fún wa ní ìsinmi. Àmín.