Ọ̀rẹ́ Inú Ọkọ̀ Kan

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́yìn kéú ọjọ́ Àìkú kan ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta bi wá pé: "Áfáà, ṣé ẹ̀sìn gbà wá láàyè láti wa ọkọ̀ díje? Bí àsìkò ìrun bá bá wa lójú omi ńkọ́?" Ìbéèrè náà kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbé Kétu tàbí Ìkòsì mọ̀ pé omi kò jìnnà sí wa, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Agbóyì ti ń fi ọkọ̀ ojú omi relé.

Ìdíje ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, ọdún 1934 ni ọdún ẹja pípa wọn gba ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí, nígbà tí Sultan Sókótó, Hassan dan Mu'azu, bẹ̀ wọ́n wò. Àbẹ̀wò náà fi òpin sí ọ̀tá àtayébáyé láàrin Sókótó àti Kebbi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọdún náà, ìdíje ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní Kánádà, láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń díje lórí odò Yukon, láti Whitehorse dé Dawson City. Kìlómítà 715 ni. Wọ́n ń wa ọkọ̀ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ìsinmi sí i ní dandan. Ànábì wa ti kọ́ wa tipẹ́ pé ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ìdíje fúnra rẹ̀ kò burú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyàwó rẹ̀, Àíṣà, sáré ìje. Àíṣà ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Nígbà tó yá, Ànábì náà ṣíwájú rẹ̀. Ohun tó burú ni kí àwọn olùdíje dá owó jọ kí ẹni tó bá borí kó gbogbo rẹ̀. Tẹ́tẹ́ nìyẹn, Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́ nínú Súrátù Máídà. Kí aṣọ wa bo ìhòòhò, kí arábìnrin má sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìrun kì í dúró de ife-ẹ̀yẹ. Ìrìnàjò tó bá tó nǹkan bí kìlómítà 80, lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, a lè dín ìrun oní-rákà mẹ́rin kù sí méjì. Súbúhì àti Màgàríbù kò yí padà. Nínú ọkọ̀, kí a kírun ní ìdúró. Bí a bá ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ lè dojú dé, kí a jókòó kírun. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe mú un rọrùn tó! Àwáwí wo ló kù?

Ẹ̀kọ́ kẹta, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ náà kò béèrè: ẹ̀tọ́ ọ̀rẹ́. Bí apá kan ọkọ̀ bá ń fi agbára wà á ju èkejì lọ, yíyí ni ọkọ̀ yóò máa yí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó di ọjọ́ kejì, apá ọ̀rẹ́ yín ti wú, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ẹ rí i, ẹ dákẹ́, torí pé ẹ̀yin lẹ wà níwájú. Ẹ ti da ọ̀rẹ́ yín. Ẹni tó fi ìrora rẹ̀ pamọ́ náà kò ṣe dáadáa, torí ẹ̀mí gbogbo yín ló wà nínú ọkọ̀ kan.

Ànábì ṣe àkàwé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ lu ọkọ̀ níhò kí wọ́n lè rí omi bù láìyọ àwọn tòkè lẹ́nu. Bí àwọn tòkè bá wò wọ́n níran, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ẹni tó ń dì wá lọ́wọ́ mú: tó ń sọ pé, "Ó tó, ẹ jẹ́ ká gúnlẹ̀," bí ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ fẹ́ kọjá wa.

Bí wọ́n bá sì borí wa ńkọ́? Ràkúnmí Ànábì, Adbáù, kì í jẹ́ kí ẹran mìíràn ṣíwájú rẹ̀, títí ará oko kan fi gun tirẹ̀ kọjá rẹ̀. Ó dun àwọn Sàhábé. Ànábì sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun ayé tó ga tí Ọlọ́hun kì í rẹ̀ sílẹ̀.

A dá àwọn ọ̀dọ́ náà lóhùn pé: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹ gba àṣẹ òbí, kí ẹ sì ṣe àdéhùn kí ẹ tó gbé àjẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní "ó tó", ẹ ó gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Ìrun wo ni a kì í dín kù nínú ìrìnàjò?
2. Ta ni ọ̀rẹ́ tó ti dì yín lọ́wọ́ mú rí? Ṣé ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀rẹ́ rere jíǹkí wa, kí Ó sì mú ọkọ̀ gbogbo wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmín.