Tíì aláwọ̀ ewé: kí ló lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Ọ̀rọ̀ tíì aláwọ̀ ewé la mú wá lónìí, èyí tí wọ́n ń kọ « thé vert » sí lára páálí rẹ̀. Àwọn ará Zongo ń sè é lórí iná èédú, wọ́n á dà á láti òkè sínú ife kékeré. Àwọn kan sì ń polówó rẹ̀ lọ́jà pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ. Èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ewé náà bẹ̀rẹ̀. Irú igi kan náà ni tíì pupa àti tíì aláwọ̀ ewé ti wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gé ikàn, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú ibi tẹ́ ẹ gé á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú? Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tíì. Tí wọ́n bá rún un, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn, á di tíì pupa. Tí wọ́n bá tètè yan án tàbí fi ooru omi sè é, kò ní pàwọ̀ dà. Ìdí nìyẹn tí èròjà kan tó ń jẹ́ katẹkíìnì fi pọ̀ nínú tíì aláwọ̀ ewé ju ti pupa lọ.

Antioxydant ni katẹkíìnì. Kí nìyẹn? Bí irin ṣe ń dípẹtà níta, bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan ń jẹ ara wa díẹ̀díẹ̀ láti inú, èéfín sìgá sì ń mú kó yá sí i. Ohun tó ń dá irú ìbàjẹ́ yìí dúró ni wọ́n ń pè ní antioxydant. Nínú ìgò àyẹ̀wò, katẹkíìnì ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an. Àmọ́ inú ènìyàn kì í ṣe ìgò: díẹ̀ nínú ohun tí a mu ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ní agbègbè Ohsaki, ní ilẹ̀ Japan, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àgbàlagbà tó lé ní 40,000, láti ọdún 1994, fún ọdún 11. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Àwọn tó ń mu ife márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n tó àwọn tí kì í mu tó ife kan. Ní ti jẹjẹrẹ ńkọ́? Kò sí ìyàtọ̀. Torí náà, ẹni tó bá ní tíì ń wo jẹjẹrẹ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí tíì jáwọ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì da ṣúgà kún ife, ṣúgà yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ alátọ̀gbẹ.

Ibi tí ewu wà nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èkíní, ẹ̀jẹ̀. Tíì máa ń dè mọ́ èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kò ní jẹ́ kí ara rí i gbà. Aboyún nílò èròjà yìí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa gbẹ. Bákan náà ni ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi tíì mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn. Ẹ má mu tíì ti oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọsàn ló dáa kẹ́ ẹ jẹ tẹ̀ lé oúnjẹ, torí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní tíì.

Èkejì, oníhóró. Àwọn kan ń tà á ní hóró pé ó ń mú ènìyàn fọn. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé tí EGCG, olórí katẹkíìnì, bá tó mílígíráàmù 800 lójúmọ́ nínú hóró, ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ sì rántí pé ní Kútọnu wa níbí, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ni wọ́n ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé lórí ayédèrú oògùn. Hóró orí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oògùn. Tíì yìí máa ń dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ nadolol kù. Ẹ sọ fún dókítà yín tẹ́ ẹ bá ń mu ún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó mu ún. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lágbàáyé sọ pé ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 lọ ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹni tó fẹ́ràn tíì, kó mu ún, kò burú. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀, kò pàdánù. Antioxydant wà nínú ewúro, nínú ọsàn, nínú omi ìṣapá pupa tí a ń pè ní bissap. Ẹ̀yìnkùlé wa nìwọ̀nyí wà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: ta ló ń mu tíì ti oúnjẹ nílé yín? Ṣé aboyún wà lára wọn? Ẹ jọ jíròrò rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú ká. Ó dàbọ̀ o.