Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ọmọ Mi

Mo ka ètò tí o kọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama tí o fẹ́ kọ́ ní kíkun ojú fún eré orí ìtàgé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni o fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?

Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ fẹ́. Ọmọdé kì í fẹ́ dúró kí ọbẹ̀ jinná. Ìwọ ni àgbà ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, má ṣí ìpara kankan. Fún wọn ní jígí. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n fajú ro, kí wọ́n wo ibi tí awọ ti ń ká. Kí wọ́n ya ojú ara wọn sínú ìwé, kí wọ́n sàmì síbi tí egungun yọ àti ibi tó jìn wọnú. Iná orí ìtàgé a máa gba òjìji lójú ènìyàn, ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí iná gbà ni a ń dá padà: àwọ̀ tó dúdú ju ara lọ síbi tó jìn, èyí tó mọ́lẹ̀ ju ara lọ síbi tó yọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí egungun wà, kí ló fẹ́ dá padà?

Mo rí ọmọ kan tó ṣe baba arúgbó. Ìkánjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú rẹ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà kiri iwájú orí rẹ̀, wọ́n da àtíkè funfun sí i nírun. Baba dé orí ìtàgé, òkú ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó mi orí láti sunkún, eruku sọ lálá. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ó lè yá a lò tó bá fara balẹ̀. Ibi tí awọ tirẹ̀ ti ń ká tó bá fajú ro, ibẹ̀ ni kí ìlà gbà. Kí o sì lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn kí o tó sọ pé ó dára.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí ni ilà ojú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Orí ìtàgé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ yóò ti kọlà. Pélé dúró lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbàjà dùbúlẹ̀, ó sì ní oríṣiríṣi. Ní eré kan báyìí, ọba wọlé tòun ti ilà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bàbá kan lẹ́yìn mi kígbe pé, "Ọba ibo nìyí?" Olùkọ́ wọn dáhùn pé iṣẹ́ ọnà ni. Ìgbéraga nìyẹn. Èló ni ìbéèrè? Rán àwọn ọmọ sí àwọn àgbà tó kọlà. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n béèrè orúkọ ilà àti ìdílé tó ni ín, kí wọ́n tó yà á sínú ìwé.

Má jẹ́ kí wọ́n rò pé òkè òkun ni a ti kó iṣẹ́ ojú yíyí padà wá. Òótọ́ ni pé Ludwig Leichner, olórin ọpẹra ará Jámánì, dá ilé iṣẹ́ ìpara orí ìtàgé sílẹ̀ ní Berlin ní 1873. Ṣùgbọ́n ní 1826, nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún apidán ti gbé eégún òyìnbó jáde níwájú rẹ̀, wọ́n ń sín in jẹ, ará ìlú ń rẹ́rìn-ín.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fóòmù àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀; àpólò kò mọ ọ̀rẹ́. Fi tìróò ọjà sílẹ̀. Òkúta òjé ni wọ́n lọ̀ sínú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìpara tuntun, fi díẹ̀ sí inú apá, kí o dúró di ọjọ́ kejì. Níbì kan, wọ́n kánjú fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọmọkùnrin kan. Nígbà tí wọ́n fà á, awọ bá a lọ. Ìyá ọmọ náà kò béèrè ibi tí olùkọ́ ti kàwé. Ó béèrè pé ọmọ ta ni.

Nítorí náà, kọ lẹ́tà sí àwọn òbí ṣáájú. Ìjọ àwọn mìíràn kò gba ìkunjú. Má bá wọn jiyàn. Ọmọ wọn lè máa kọ àwọ̀ tí a lò fún ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lálẹ́ eré kejì, òun ni gbogbo yín yóò máa wá.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ ńkọ́? Kó di ìparí sáà. Oyin, àwọ̀ oúnjẹ pupa àti kókó díẹ̀ ti tó. Dán an wò lára àkísà kí ó tó kan aṣọ tí ẹ yá.

Bí eré bá parí, kí wọ́n fi òrí pa ojú, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tó fọṣẹ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má gun ọ̀kadà relé tòun ti ọgbẹ́ lójú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára àwọn òbí wọn ti tó. Òrí wà nílé níbí. Rán ẹnì kan wá gbé e kí ẹ tó wọlé.