Peter Rufai: Ohun tí kípà ń rí láti ojú ilé

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n ti sọ mí ní "Agbọ̀n" láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan ti gba àárín ẹsẹ̀ mi wọlé ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Mi ò bínú. (Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀.) Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa ka ìtàn àwọn aṣọ́lé, ẹni tí mo sì mú wá síwájú yín lónìí ni Ọmọọba Peter Rufai, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Dodo Mayana.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Ọba Ìdímù ni bàbá rẹ̀. Stationery Stores ti Èkó ló ti kọ́kọ́ lórúkọ, ó lọ sí Femo Scorpions, ó sì sọdá sí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tó ti ṣọ́lé fún Dragons de l'Ouémé. Ní 1987 ó dé Lokeren ní Belgium, lẹ́yìn náà Beveren. Ó gba ọ̀dọ̀ Go Ahead Eagles ní Holland kọjá lọ sí Farense ní Pọtogí, kó tó dé Hércules àti Deportivo La Coruña ní Sípéènì. Gil Vicente ní Pọtogí ló parí ẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá nìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń ṣí kiri báyẹn? Ẹ rò ó wò. Agbábọ́ọ̀lù iwájú lè wọlé ní ìṣẹ́jú ogún tó kẹ́yìn. Kípà ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró síbẹ̀, tí ẹni yẹn ò bá fara pa, ìwọ tó kù á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Deportivo, Jacques Songo'o ará Cameroon ló wà lójú ilé, Rufai tó ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Inú oṣù kejì 1998, nígbà tó wà níbẹ̀, ló wálé nítorí bàbá rẹ̀ tó wàjà. Wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́, ó ní òun ò jẹ.

Fún Nàìjíríà, ìgbà 65 ló gbá bọ́ọ̀lù. Ó dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1984 àti 1988, Cameroon ló nà wá nígbà méjèèjì. Ní 1988, pẹnáritì kan péré ni wọ́n fi gbà á. Ní oṣù keje 1993, nígbà tí a fi mẹ́fà sí òdo na Ethiopia l'Ékòó, Rufai fúnra rẹ̀ jáde láti ojú ilé wá gba pẹnáritì kan wọlé! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Tunis, Zambia kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé kí ara wa tó balẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí òmíràn gbá wọlé mọ́. Amuneke gbá méjì, a gba ife.

Ó wá ku ti Amẹ́ríkà, 1994. Bulgaria tó padà wá lé Jámánì kúrò nínú ìdíje, wọn ò rí góòlù kankan gbà lọ́wọ́ Rufai. Greece náà ò rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ Rufai nílé, ohun tí Bàámi kọ́kọ́ sọ ni pé, "Òun ló jẹ́ kí Italy nà wá."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàámi nígbà yẹn, bí èmi lónìí. Láti Ìdógun níbí ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù keje. Ọ̀kan sí òdo la wà. Rẹfirí ti lé Zola jáde, Italy ku mẹ́wàá. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Baggio gbá a wọlé, ó tún gba pẹnáritì wọlé ní àfikún àkókò.

Mo wá góòlù àkọ́kọ́ yẹn lórí fóònù, mo gbé e fún Bàámi. Mo ní, "Ẹ má wo Baggio sà, ẹ wo àwọn tiwa." Mussi ti gbé bọ́ọ̀lù wọ inú àpótí wa, kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sún un fún Baggio, bọ́ọ̀lù náà sì sá nílẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Ojú ilé fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní mítà 2.44. Ọwọ́ ẹnì kan ò lè kárí ẹ̀. Bàámi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Hmm. Àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ló yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù yẹn jù nù." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń bú ọkùnrin yẹn o!

Kípà Italy ọjọ́ yẹn, Marchegiani, ta ló rántí orúkọ ẹ̀?

Mi ò sọ pé Rufai ò ṣe àṣìṣe rí. Ní 1998, Denmark gbá mẹ́rin sí i nílé. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje yẹn kan náà, Lawal fi bọ́ọ̀lù kan sójú ilé Sípéènì, ọwọ́ Zubizarreta, kípà wọn tó lókìkí, ló sì tì í wọ àwọ̀n fúnra rẹ̀. Mẹ́ta sí méjì la fi nà wọ́n. Ìyẹn la ṣe ń jó.

Rufai kú ní ọjọ́ 3 oṣù keje 2025, ọmọ ọdún 61. Ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì wa máa bá SS3 gbá a. Èmi ni mo máa ṣọ́lé. Ẹ̀yin bákì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé inú àpótí.