Ẹ Kí Ará Abúlé Kí Ẹ Tó Wo Òkúta

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà ní Írẹ́lándì, ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Dublin, sí Drogheda, sí Galway àti Cork, ẹ̀yin ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, mo sì ń gbọ́ ètò tí ẹ ń ṣe: ẹ óò háyà mọ́tò, ẹ óò kúrò ní Dublin ní ìdájí, ẹ óò sáré dé Cliffs of Moher, ẹ óò ya fọ́tò, ẹ óò yà wo ilé olódi kan lójú ọ̀nà, ẹ óò sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí yín ló ti pẹ́ ní ìlú yìí tó jẹ́ pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí a ṣe ń lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìtàn ìgbèríko Írẹ́lándì pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ju bó ṣe wà lára pátákó tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kí wọn, tí kò bi wọ́n léèrè, òkúta lásán ni yóò wò bọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi Newgrange bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Meath, létí odò Boyne, kò jìnnà sí Drogheda níbi tí púpọ̀ nínú yín ń gbé. Ibojì ni, òkìtì ńlá tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 85. Àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kọ́ píramídì ńlá ti Gísà ní Íjíbítì. Wọn kò ní irin, wọn kò ní kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ wọ́n dá ihò tóóró kan sí sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì wọn ọ̀nà inú rẹ̀ débi pé ní àwọn ọjọ́ tí ojúmọ́ kúrú jù lọ nínú ọdún, ní ìwọ̀n ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ìtànṣán oòrùn àárọ̀ máa ń gba ihò náà wọlé, yóò gba ọ̀nà tóóró tó gùn tó mítà 19 kọjá, yóò sì dé yàrá tó wà nínú lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ni yóò fi wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú un ṣáájú rèé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael O'Kelly láti yunifásítì ìlú Cork ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, àwọn ènìyàn máa ń sọ fún un pé ìgbà kan wà tí oòrùn máa ń wọ inú ibojì náà lọ. Kò rí ẹnì kan tó lè sọ pé òun fojú ara òun rí i. Ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ni. Ọ̀mọ̀wé mìíràn ì bá ti pè é ní àlọ́. O'Kelly fara balẹ̀ gbọ́, ó ronú sí ibi tí ẹnu ibojì náà kọjú sí, ó sì lọ dúró sínú òkùnkùn ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1967. Oòrùn wọlé wá bá a. Ohun tí àwọn ìwé kò mọ̀, ẹnu àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀.

Ní Céide tó wà ní ìpínlẹ̀ Mayo, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ irà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn a máa gé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọn a sá a gbẹ, wọn a fi dáná. Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Patrick Caulfield ń gé tirẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé òkúta tò lọ lábẹ́ irà náà. Ó rò ó pé bí òkúta bá tò báyìí lábẹ́ irà, a jẹ́ pé ènìyàn ti tò ó kí irà tó bò ó. Ọmọ rẹ̀, Seamas, kọ́ ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀, ó padà wá fi ọ̀pá irin gún irà náà káàkiri, ó sì tọ ipa ògiri oko tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó ju 5,000 ọdún lọ. Ọkọ́ bàbá ló kọ́kọ́ ṣí i.

Báwo wá ni ẹ óò ṣe dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀? Bí a ṣe kọ́ yín nílé náà ni. Ẹ kí ènìyàn. Lójú ọ̀nà tóóró àwọn abúlé Írẹ́lándì, awakọ̀ tí kò mọ̀ yín rí yóò gbé ìka kan sókè láti kí yín. Ẹ dá a lóhùn. Bí ẹ bá bá bàbá kan lẹ́nu géètì oko rẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ kọ́kọ́ sọ ti òjò àti ti afẹ́fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kó sọ ti màlúù rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ béèrè òkìtì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi àtijọ́ ló sì jẹ́ pé inú oko ènìyàn ló wà, òfin ibẹ̀ kò fún arìnrìn-àjò láṣẹ láti gba inú oko olóko bó ṣe wù ú. Ẹ tọrọ ọ̀nà. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má mú ajá dé ibi tí àgùntàn wà. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ilé aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ ibojì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà wà, a jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ènìyàn kí kò ní wọlé rárá.

Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ iwin lẹ́nu wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lé ní 40,000 ògiri iyẹ̀pẹ̀ ribiti tó wà káàkiri Írẹ́lándì, ibi tí àwọn àgbẹ̀ fi ṣe àgbàlá ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará abúlé gbà pé àwọn iwin ló ni ín, nítorí náà wọn kò jẹ́ tú u, wọn kò jẹ́ gé igi ẹlẹ́gùn-ún tó hù níbẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn dáàbò bo àwọn ibi wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin ìjọba tó dé. Lọ́dún 1999, nígbà tí wọ́n fẹ́ la títì ńlá ní Latoon, ìpínlẹ̀ Clare, Eddie Lenihan, apàlọ́ tí gbogbo Írẹ́lándì mọ̀, dìde pé kí wọ́n má gé igi kan tó wà lójú ọ̀nà náà, nítorí pé ti àwọn iwin ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ igi náà la títì.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn dé irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ibi òrìṣà ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ẹni tó lọ wo ibojì ti foríbalẹ̀ fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kó lọ sí Clonmacnoise létí odò Shannon, níbi tí Ciarán mímọ́ ti dá ilé àdúrà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹfà. Àgbélébùú òkúta wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì sí lára láti òkè dé ilẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti kó àwọn ògidì rẹ̀ sí báyìí kí òjò má baà jẹ wọ́n. Àwòkọ ló wà níta. Bí ẹ bá sì dé ibi kànga mímọ́, tí ẹ rí aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àìsàn ẹnì kan tàbí ti ọmọ ẹnì kan ló gbé e débẹ̀.

Ẹni tí kò béèrè lè ba nǹkan jẹ́ gan-an. Láàárín ọdún 1899 sí 1902, àwọn kan tí wọ́n gbà pé ọmọ Ísírẹ́lì tó sọnù ni àwọn ará Bìrìtéènì wá sí òkè Tara, níbi tí àwọn ọba Írẹ́lándì ti ń gorí oyè láyé àtijọ́. Wọ́n ní Àpótí Májẹ̀mú wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tú u, wọ́n ba apá kan rẹ̀ jẹ́, wọn kò sì rí àpótí kankan. Àwọn òǹkọ̀wé bíi W. B. Yeats àti Douglas Hyde ló figbe ta nínú ìwé ìròyìn. Ìtàn tí àwọn tó gbẹ́lẹ̀ náà gbé wá láti ilé wọn ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ti Tara.

Tiyín lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Burren ní ìpínlẹ̀ Clare. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ pẹpẹ òkúta, òdòdó tín-ín-tìn-ìn-tín sì ń hù láàárín àlàfo rẹ̀. Ibojì òkúta kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Poulnabrone, níbi tí wọ́n ti wú egungun ènìyàn tó lé ní 30. Àwọn àlejò máa ń ṣí òkúta ilẹ̀, wọn a to ibojì kékeré ṣeré, wọn a ya á ní fọ́tò, wọn a lọ. Òkúta tí wọ́n ṣí yẹn ló ń bo gbòǹgbò nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀ lọ sí ibi àtijọ́ kankan, òfin lòdì sí i láìgba ìwé àṣẹ.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ní gbogbo ìgbèríko yìí ni ebè. Bí ẹ bá ń gba Connemara tàbí Mayo kọjá nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, ẹ gbójú sókè wo ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ óò rí i tí ilẹ̀ ṣe ìlà ìlà lábẹ́ koríko, níbi tí kò sẹ́ni tó ń dáko mọ́. Ebè pòtétò àwọn mẹ̀kúnnù ni. Ilẹ̀ rere wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú, ni tálákà ṣe ń gun òkè lọ dáko sí àárín àpáta, tí wọ́n ń ru ewé inú òkun lọ fi ṣe ajílẹ̀. Ní 1845, àrùn wọ inú pòtétò, ó sì ń jẹrà mọ́ inú ebè. Nígbà tí ìyàn náà fi máa rọlẹ̀ ní nǹkan bí 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sì ti wọkọ̀ ojú omi lọ. Mílíọ̀nù 8.2 ènìyàn ni wọ́n kà ní 1841. Ní 1851, ó ku mílíọ̀nù 6.5. Ọkà àti màlúù sì ń jáde ní èbúté lọ sí Bìrìtéènì ní gbogbo àkókò náà, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò lówó tí yóò fi rà wọ́n, ìṣákọ́lẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní Strokestown, ìpínlẹ̀ Roscommon, ilé ọ̀tọ̀kùlú kan ti di ibi tí wọ́n ń kó ohun ìrántí ìyàn náà sí. Denis Mahon ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà náà. Ní 1847, ó sanwó ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa lọ sí Kánádà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lójú òkun. Wọ́n yìnbọn pa òun náà kí ọdún yẹn tó parí. Inú ilé náà ni wọ́n ti rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn tálákà kọ sí i, pé ebi ń pa ọmọ àwọn. Ẹ ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn dáadáa kí ẹ tó wo ṣíbí fàdákà àti àga aláràbarà ilé náà. Ọmọ àwọn tó rìn jìnnà wá oúnjẹ ni yín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín kí ẹ tó dúró níbẹ̀.

Ti Cliffs of Moher tí ẹ fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ kan ni. Ó ga tó mítà 214 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, etí rẹ̀ sì máa ń ya lulẹ̀. Àwọn ènìyàn ti já síbẹ̀ kú. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà kan, títì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Skellig Michael, erékùṣù àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ láyé àtijọ́ ní Kerry: àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 600 ni, kò ní irin ìdìmú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan sì ni ọkọ̀ ń lọ. Bí atukọ̀ bá ní òkun kò gbà lónìí, ẹ má bá a jiyàn.

A ní àpẹẹrẹ àlejò tó mọ béèrè nílé wa pẹ̀lú. Ní 1947, àwọn àlùfáà Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA ẹ̀ka Írẹ́lándì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Father Kevin Carroll sì wà lára wọn. Ó jókòó ti àwọn agbẹ́gilére, ó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bándélé, ọmọ Arẹògún láti Ọ̀sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ìwé tí Carroll kọ nípa ère Yorùbá jáde ní 1967, ọdún kan náà tí O'Kelly dúró de oòrùn ní Newgrange.

Bí ìyá àgbà bá ti Nàìjíríà wá kí yín, ẹ mú un dání. Newgrange ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Ilé ìgbàlejò tó wà lódìkejì odò ni ẹ óò ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀sì wọn ni yóò sì gbé yín dé ìdí ibojì náà. Ìyá yóò béèrè ohun tí kò sọ sí yín lọ́kàn: ìdílé wo ló ń tọ́jú ibẹ̀, ta ló ni oko tó yí i ká, ṣé wọ́n sin àwọn obìnrin síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má dá a lẹ́kun. Ẹ túmọ̀ ìbéèrè rẹ̀ fún ẹni tó ń mú yín kiri, kí ẹ sì túmọ̀ ìdáhùn fún un láìgé e kúrú. Àwọn ará ibẹ̀ náà yóò béèrè ibi tí ẹ ti wá, wọn kì í gba Nàìjíríà nìkan ní ìdáhùn. Orúkọ ìlú, orúkọ odò tàbí òkè tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ bi ìyá léèrè rẹ̀ nínú mọ́tò kí ẹ tó débẹ̀.